Ọ̀gá Tà, Ọ̀gá Ò Tà

Láti Ọba Akran dé Àgídíngbì n'Ìkẹjà, kò sí ilé-iṣẹ́ tí wọn kì í ti í pa òwe yìí: ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé. Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ló ń pa á. Ẹni tó ń pa á lè jẹ́ ẹni tó máa ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, tó ń tẹríba kí ọ̀gá, tí kò sì jí ìṣẹ́jú márùn-ún nínú wákàtí mẹ́jọ rẹ̀ rí. Kò sí kúẹ́rì tí ẹ lè kọ fún un. Ṣùgbọ́n láago méjì òru, nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí kì í ṣeé dún, etí rẹ̀ gbọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ ò sọ ọ́. Wọn ò kúkú rán an níṣẹ́ àtisọ. Bílẹ̀ bá mọ́ tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, yóò bá gbogbo ará dúró tì í, yóò mirí, yóò sì gbowó rẹ̀ nígbà tí oṣù bá parí.

Ibi tí agbára oyè ọ̀gá mọ nìyẹn. Oyè lè ra ẹsẹ̀ tó tètè dé àti ọwọ́ tí kò dúró. Kò lè ra etí tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti ro òwe yẹn títí, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí a rán ni wọ́n bá wí. Wọn ò sọ fún ẹni tó rán an pé kó fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹrú ni oyè lè bèèrè. Ènì tó sọ ọ́ di tọmọ, ọwọ́ ẹni tí a rán ló wà; ó lè bù ú sí i, ó sì lè gbé e padà lọ sílé. Gbogbo iṣẹ́ tó tayọ tí ojú mi ti rí, inú ènì yẹn ló ti wá.

Omole tí mò ń gbé yìí, àdúgbò àwọn ọ̀gá ni. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá báǹkì rí ń gbé lójúlé kan, ẹni tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ní Aláùsá wà lójúlé kejì, sójà tó ti fẹ̀yìn tì wà ní òdìkejì rẹ̀, ká má tíì dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n àti ìyá oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù bíi mélòó kan ní ọjà Balógun. Kálukú ló ní géètì tirẹ̀, kálukú ló ní àwọn tó ń pè é ní sà tàbí mà. Àwọn wọ̀nyí ló wá kóra jọ, tí wọ́n yan ọ̀kan nínú ara wọn ní alága ẹgbẹ́ onílé. Ẹ wo wàhálà! Àwọn tó fẹ́ darí kì í gbowó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbé wọn lọ sí ẹ̀ka Maiduguri, kò lè dá ìgbéga wọn dúró. Bó bá ní kí wọ́n san owó ìṣọ́, tí Alhaji ojúlé kẹrin ní òun ò san, ta ni yóò kọ kúẹ́rì sí?

Mo ti rí alága oríṣi méjì. Ọ̀kan a máa kọ lẹ́tà. Orúkọ oyè rẹ̀ nìkan á gba ìlà méjì lókè ìwé, ìhàlẹ̀ á gba ìyókù. Àwọn aládùúgbò á kà á, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á fi ìwé náà gbé ife tíì. Agbádá ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Èkejì lè má mọ lẹ́tà kọ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá dí gọ́tà, ẹ ó rí i tó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè níbi tí omi ti ń ya wọ ilé onílé. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ géètì, ó mọ ìyàwó ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú wọn. Iye tó wọlé àti iye tó jáde, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè, owó tirẹ̀ ló sì ṣáájú lórí ìwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa sọ pé ká dáwó taransífọ́mà, tí Alhaji ojúlé kẹrin á ti máa wá ọmọ tí yóò rán. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Alága kejì yìí ṣẹ́ kù sínú igbá, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlòmíràn fi ń bá a gbé e.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń náwó rẹpẹtẹ kiri nítorí ìwé ẹ̀rí aṣáájú, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé fún sáà kan ṣoṣo. Wọ́n máa ń rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Kí Omole tó di ẹ̀sítéètì, kí Ìkẹjà tó ní ilé-iṣẹ́ kankan, oko ni apá ibí yìí. J. P. L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó di oníṣòwò ńlá l'Ékòó, ṣòwò títí ó fi wọko gbèsè. Ní nǹkan bí 1880, ó lọ dá oko kòkó nítòsí Agége. Ta ló mọ kòkó nílẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn? Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker dá oko tirẹ̀ sí Ìfàkò, tí kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí.

Coker ò joyè ìjọba kankan. Nínú ìjọ St. Paul's ní Breadfruit, l'Ékòó, wọ́dẹ̀n ni, kì í ṣe àlùfáà. Ní 1901 ni ọ̀rọ̀ oyè dé bá wọn níbẹ̀. James Johnson ti ṣe àlùfáà ìjọ náà fún nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Àwọn aláṣẹ ìjọ wá ní Breadfruit kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé àlùfáà. Bí a bá ní ká tú ìwé òfin, ó ṣeé ṣe kí àwọn aláṣẹ jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Coker àti ọ̀pọ̀ nínú ìjọ dìde, wọ́n lọ dá Bethel, ìjọ African Church, sílẹ̀. Johnson gan-an tí wọ́n ń bínú nítorí rẹ̀ ò bá wọn lọ. Inú ìjọ Áńgílíkà ló kú sí. Ọwọ́ aláṣẹ ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà, ọwọ́ èèyàn ni ẹsẹ̀ wọn wà.

Ohun tí Coker ṣe lóko ló wú mi lórí ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn lébìrà ń wá sí Agége láti ilẹ̀ òkè, wọ́n wá ṣiṣẹ́ gbowó. Owó aláàárù ni wọ́n bá wá. Wọ́n dé Ìfàkò, wọ́n sì rí i pé baba oníkòkó yìí fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ náà: bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀gbìn kó tó ṣeé lọ́ sóko, bí a ṣe ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó, bí a ṣe ń la kòkó, tí a ń fi ewé bò ó títí yóò fi kan, kí a tó sá a sóòrùn. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n mú irúgbìn dání. Lójú ọ̀gá tí oyè nìkan yé, wèrè ni ẹni tó bá kọ́ lébìrà rẹ̀ ní bí yóò ṣe di oníkòkó bíi tòun. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é síbẹ̀. Ní 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀, òun ni olórí wọn. Àwọn ọmọ ìjọ wọn sì ń gbé kòkó lọ síbi tí wọ́n ń gbé Bíbélì lọ.

Mi ò pè é ní ẹni mímọ́ o. Oníṣòwò ni, ó fẹ́ èrè, ó sì jèrè. Èèyàn lè mọ èrè tirẹ̀ kó má sì di ojú ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yọrí sí. Kòkó tí àwọn wọ̀nyí gbìn káàkiri ló di owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń ná, òun ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó n'Ìbàdàn tó parí ní 1965, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi la ilẹ̀ Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́ láti àwọn ọdún 1950. Ohun tó kúrò ní Agége nínú àpò lébìrà padà wá sí ẹ̀gbẹ́ Agége pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Ọ̀nà tó la àárín ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn kọjá ń jẹ́ orúkọ Ọba Akran ti Àgbádárìgì, tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà. Guinness dé sí Ìkẹjà ní 1962, Cadbury dé ní 1965, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn oyè náà sì dé: kàsúà, ọ̀pàrétọ̀, fọ́máànù, sùpáfáísọ̀, máníjà. Orí ògiri ni wọ́n ń lẹ àtẹ oyè mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má wo ògiri. Ẹ wo ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń sáré lọ. Nígbà púpọ̀, bàbá arúgbó kan ni, tí kò ní ọ́fíìsì, tí yóò gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ irin, tí yóò sì ní kí wọ́n mú sípánà wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọ́ ló sì ń sọ ẹni tó jẹ́ àgbà ọjà yẹn fún wa. Dunlop ò ṣe táyà mọ́ n'Ìkẹjà láti 2008. Láti ọjọ́ tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ti ti géètì, oyè máníjà ti tán. Ẹni tó mọ rọ́bà sè, ìmọ̀ rẹ̀ bá a jáde.

Bí a bá ń ti Omole lọ sí Àgídíngbì, a óò gba ọ̀nà Lateef Jakande, níbi tí Cadbury àti tẹlifíṣọ̀n Èkó wà. Mi ò mọ ẹni tí mo lè fi ọ̀rọ̀ oyè yìí wò dáadáa bíi bàbá tí ọ̀nà yẹn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé ó jẹ oyè méjì, àwọn méjèèjì ò sì rí bákan náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀ròyìn ni, kò lọ sí yunifásítì, ó ti ṣe olóòtú àgbà fún ìwé ìròyìn Tribune, wọ́n sì ti rán òun àti Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n pọ̀ rí. Nígbà tó di gómìnà Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, kò kó lọ sílé ìjọba. Ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé, Toyota Crown tirẹ̀ ló ń gùn. Àwọn èèyàn máa ń pe èyí ní ìrẹ̀lẹ̀, wọ́n á sì fi í mọ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Ó fẹ́ bẹ àwọn ará Èkó pé kí wọ́n gba nǹkan tí kò dán. Àwọn ọmọ ń lọ síléèwé ní ìpín-ìpín nígbà yẹn, ìpín mẹ́ta lóòjọ́ láwọn ibì kan, àwọn kan ń wọ kíláàsì nígbà tó yẹ kí wọ́n ti máa jẹun alẹ́. Jakande kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri, kúkúrú, láìsí ọ̀ṣọ́, kíákíá. Àwọn alátakò ní ilé adìẹ ni. Ká ní inú ààfin ni ẹni tó kọ́ ọ ń gbé, tí ọkọ̀ ogún ń tẹ̀ lé e, tòótọ́ ni ìbá jẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé gómìnà tó ń gun ọkọ̀ ara rẹ̀ ń fojú di tálákà? Ẹni à ń wò kì í wòran. Àwọn ọmọ wọlé láàárọ̀ pa pọ̀, wọ́n jáde lọ́sàn-án pa pọ̀. Ilé tó kọ́ ní Ìsọ̀lọ̀, Àbẹ̀sán àti àwọn ibòmíràn ń jẹ́ Jakande títí dòní, láìsí pé ìjọba kankan fi òfin gbé e kalẹ̀.

Ó fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin fún Èkó pẹ̀lú. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985, ọdún 2023 ni reluwé ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀: oyè lágbára jù nígbà tó bá fẹ́ dá nǹkan dúró. Ìbuwọ́lùwé kan ti tó. Àti kọ́ ọ ló ń fẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ ìtara fún wọn. Ọ̀gá tí a kò rí nǹkan mìíràn tọ́ka sí lọ́wọ́ rẹ̀ ju ohun tó kọ̀ fún wa lọ, oyè nìkan ló ní.

Oyè kejì dé ní 1993. Abacha fi Jakande ṣe mínísítà iṣẹ́ òde fún gbogbo Nàìjíríà. Ipò yẹn gbòòrò ju ti gómìnà lọ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìbò June 12 tí ìjọba ológun fagi lé ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn, àwọn tí wọ́n jọ tẹ̀ lé Awólọ́wọ̀ ní kó jáde níbẹ̀, kò jáde títí di 1995. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Baba Kékeré, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ àṣẹ láìsí ìwé, wá wà nípò ńlá tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ ń yẹra fún un. Mi ò dá a lẹ́jọ́ tán. Ó ní àwọn ìdí tirẹ̀, iṣẹ́ tó sì ṣe ṣáájú kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ìbínú pa rẹ́. Nígbà tó kú ní oṣù kejì 2021, ilé ìwé àti ilé ni gbogbo ẹnu ń sọ. Mi ò gbọ́ kí ẹnì kan l'Ómole sọ pé mínísítà lọ.

Ààrẹ ń pè ọ́, o ń dÍfá; bÍfá bá fọre, tí Ààrẹ fọbi ń kọ́? Àwọn tó ṣẹ̀dá òwe yẹn mọ irú olórí tí wọ́n ń bá gbé. Ẹ̀rù ló kọ ọ́. Àwọn kan sì wà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé oríkì ni, wọ́n ń wá irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọ́fíìsì. Kí wọ́n bi Abẹ́òkúta wò. Aláké Ademola Kejì ní adé lórí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Funmilayo Ransome-Kuti ò ní ju ẹgbẹ́ obìnrin àti ìwé ìṣirò tó tọ́ lọ: iye owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó bá àwọn obìnrin ọjà jókòó, ó wọ irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, ó ń bá wọn sọ Yorùbá. Wọ́n lọ jókòó síwájú ààfin lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní 1948 ọba fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ní oṣù kìíní 1949 ó ní òun gbé adé sílẹ̀. Wọ́n fagi lé owó orí àwọn obìnrin, wọ́n sì fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọba padà wá ní ìparí 1950, adé tún bọ́ sórí rẹ̀. Ìlú tó padà bá kì í ṣe èyí tó fi sílẹ̀.

Ìlànà tèmi ò pọ̀. Ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá bá mi, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó bi í ní ìbéèrè kankan, inú ì báà máa bí mi. Àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Èyí tó ń bínú, ìròyìn rere nìkan ni yóò máa gbọ́ títí ilé yóò fi wó lù ú. Mi ò lè rán èèyàn níṣẹ́ tí mi ò tíì fi ọwọ́ ara mi dán wò, bó ti wù kó kéré tó, àfi bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni náà mọ̀ jù mí lọ. Bẹ́ẹ̀ bá ni, ó yẹ kí n jókòó kí n kọ́ ọ, ìtìjú ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń fi òwe yìí bẹ ọmọdé, wọ́n á wá gbàgbé pé ìlàjì rẹ̀ kan àwọn náà.

Bí ìbò ẹgbẹ́ onílé bá sì ti ń bọ̀, tí àwọn tó ń du alága ń kí wa láti ojúlé dé ojúlé, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: ta lo ti kọ́ níṣẹ́ rí, tó ti kúrò lábẹ́ rẹ, tí kò nílò rẹ mọ́, tó sì tún ń pè ọ́? Àwọn kan a máa bínú, wọ́n á sọ iye ọdún tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá fún mi. Àwọn kan a bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, wọ́n á gbàgbé pé ìbò làwọn wá tọrọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan tó ń ṣe fọ́máànù ní Ọ̀tà báyìí, ọmọ tó ya olóríkunkun nígbà tó kọ́kọ́ dé. Àwọn wọ̀nyẹn ni mo máa ń gbé ìjókòó fún.